Tẹmómítà oníbọn: ìgbà tí iye tó kọ kò bá jọ òótọ́

Ìbéèrè, láti Odógbolú: Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, agbada tuntun tó ń dán la fi ń yan gàrí. Gàrí ti fẹ́ máa jó, àmọ́ 60 péré ní ìwọ̀n Sẹ́síọ̀sì ni tẹmómítà oníbọn (ẹ̀rọ tó dà bí ìbọn, tí a fi ń wọn ooru láìfọwọ́ kan nǹkan) kọ. Agbada àtijọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́. Ìtànṣán ooru tí ojú kò rí ló ń gbà wọlé, irin dídán kì í sì í tú ìyẹn jáde púpọ̀. Ńṣe ló ń ṣe bíi dígí: ooru òrùlé àti ti ara yín ló ń dá padà fún un. Ọ̀pọ̀ irú tẹmómítà yìí ni wọ́n sé mọ́ 0.95, ìyẹn ni pé ó ti gbà pé ohun tí ẹ kọjú rẹ̀ sí ń tú 95 nínú 100 ooru tó lè tú jáde. Agbada tó ti dúdú kò jìnnà sí i. Alumíníọ̀mù dídán lè má tó 10.

Gàrí gan-an ni kí ẹ kọjú rẹ̀ sí, kì í ṣe irin. Ẹ rò ó jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan kó nípọn, kí ẹ dúró síbi tí èéfín omi kò ti ní gba iwájú yín kọjá, torí èéfín yẹn náà ń dín iye kù. Tó bá jẹ́ irin tí kò gbóná ju 80 lọ, ẹ lẹ téèpù dúdú àwọn oníná mọ́ ọn, kó gbóná tán, kí ẹ wọn orí téèpù. Lórí iná, téèpù á yọ́.

Ìbéèrè, láti Ìjẹ̀bú-Igbó: Láti ẹnu ọ̀nà, 29 ló kọ lábẹ́ iná òròmọdìẹ. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó sì rí 34. Èwo ni ká gbà?

Ìdáhùn: Ti ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ gbà. Iná pupa (léésà) tó ń jáde lára tẹmómítà kì í wọn nǹkan kan, ọ̀nà ló ń júwe. Ẹ wo ara tẹmómítà: 12:1 túmọ̀ sí pé láti mítà 3, òbìrìkìtì tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 25 ló ń wò. Ẹ tún dúró ní ìdàgẹ̀ẹ̀rẹ̀, òbìrìkìtì náà á wá gùn, á kó lẹ́búlẹ́bú pákó tó tutù mọ́ ọn. Ẹ sún mọ́ ọn dé 30 sẹ̀ǹtímítà. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, 32 sí 35 la fẹ́ ní ibi tí òròmọdìẹ ń tẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí iná pupa àti ibi tó ń wọ̀n kì í ṣe ọ̀kan náà?

Ìdáhùn: Ojú méjì ni tẹmómítà ní, ọ̀kan wà lókè èkejì: ọ̀kan ń gba ooru, ọ̀kan ń tan léésà. Irú rẹ̀ ló wà nínú ẹ̀rọ ìfojúsùn abẹ́ ọkọ̀ òfurufú ológun: kámẹ́rà ooru ń rí, léésà ń tọ́ka. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ tò wọ́n kí wọ́n wo ibì kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, léésà á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà nítòsí pápákọ̀ òfurufú Ìpẹru sí Ìlíṣàn, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé tan léésà sójú ọ̀run. Ó lè mú kí awakọ̀ òfurufú má ríran fún ìgbà díẹ̀.

Ìbéèrè: Báwo la ṣe ń dán an wò?

Ìdáhùn: Ẹ fọ́ áìsì kún kọ́ọ̀bù, ẹ bu omi díẹ̀ sí i, ẹ rò ó dáadáa. 0 ló yẹ kó kọ, ó lè fi 2 yàtọ̀. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ fi òwú àti sípíríìtì nu ojú rẹ̀, ẹ pààrọ̀ bátìrì. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ jẹ́ kó wà nínú ilé adìẹ fún ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó lò ó.