Ẹ̀yin Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ Tuntun, Àṣìṣe Wọ̀nyí Ló Ń Ba Ẹjọ́ Yín Jẹ́

Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, inú sì ń bí mi. Àwọn ọmọ tuntun ń dé, orí wọn pé, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n owó oṣù wọn ń parẹ́ sórí ìrìn àjò, owó olùpẹ̀jọ́ náà ń parẹ́ tẹ̀lé e, bí ẹjọ́ bá sì dé kóòtù, ìjókòó kan ṣoṣo ni lọ́yà máa fi tú u ká.

Àkọ́kọ́: ẹ má sáré lọ mú èèyàn kí ẹ tó dé ibi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀. Mo mọ ọmọ kan tó háyà mọ́tò láti Ṣágámù lọ sí Òrè, owó ara rẹ̀ ló fi san án, torí ẹnì kan sọ pé afurasí wà níbẹ̀. Kò tíì fojú kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n já. Nígbà tó fi padà dé lọ́wọ́ òfo, oníṣọ́ọ̀bù ti gbálẹ̀, ó ti ra àgádágodo tuntun, ó sì ti fi omi ọṣẹ nu gbogbo ibi tí ìka ọwọ́ olè ìbá wà.

Èkejì: ẹ má mú ìyá dípò ọmọ. Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 kọ̀ ọ́.

Ẹ̀kẹta: gbèsè kì í ṣe ọ̀ràn ọlọ́pàá. Òfin kan náà ló sọ bẹ́ẹ̀. Níbi tí èésú àti àjọ ti kún ọjà bíi tiwa, gbogbo ẹni tí wọ́n bá jẹ lówó ló máa ń pariwo pé wọ́n lu òun ní jìbìtì. Bi í léèrè: ṣé irọ́ ni onítọ̀hún ti ń pa látìgbà tó ti ń gba owó, àbí ọjà ló kú mọ́ ọn lọ́wọ́? Tó bá jẹ́ pé ọjà ló kú, júwe kóòtù fún un, kó máa lọ.

Béèlì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ yé gba kọ́bọ̀.

Wákàtí mẹ́rìnlélógún ni Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fún wa láti gbé afurasí lọ síwájú adájọ́, tí kóòtù bá wà láàárín 40 kìlómítà. Kóòtù wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó wà ní Ṣágámù. Kí ni a fẹ́ sọ pé ó dá wa dúró?

Èyí tó ń dùn mí jù ni àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ afurasí. Ẹ ń gbọ́ Yorùbá, ẹ wá ń kọ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi náà ṣe é, n kò sì lè gbàgbé.

Ọmọdé ni mí lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, ní àgọ́ kan ní Rẹ́mọ. Wọ́n jí àpò obì, a sì bá méjì nínú rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọkùnrin alábàárù kan. Mo jókòó tì í, bíírò lọ́wọ́ mi, mo ní, "Ẹrù yìí ńkọ́?" Ó ní, "Mo gbà á, ọ̀gá." Mo kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ó jẹ́wọ́ olè jíjà. Kò mọ̀wé. Ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.

Ní kóòtù, lọ́yà bi mí ní èdè tí ọmọ náà sọ. Mo ní Yorùbá ni. Ó ní kí ni mo kọ? Mo ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní kí n sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀. "Mo gbà á." Kóòtù pa lọ́lọ́. Ohun tí ọmọ náà ń sọ ni pé dírẹ́bà kan ló gbé ẹrù fún òun láti bá a tọ́jú, òun sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò wá dírẹ́bà yẹn rí. Oṣù mẹ́jọ ni ọmọ náà ti lò ní àtìmọ́lé, ìyá rẹ̀ ń gbé oúnjẹ wá nínú abọ́ aláwọ̀ ewé ní gbogbo ọjọ́ ìgbẹ́jọ́. Wọ́n dá a sílẹ̀. Ẹni tó ni obì kò rí nǹkan kan gbà.

Torí náà, ọ̀rọ̀ tí ó bá sọ ni kí ẹ kọ, ní èdè tó fi sọ ọ́, kí ẹ kà á sí i létí kó tó fọwọ́ sí i. Gẹ̀ẹ́sì lè wá lẹ́yìn, lórí ìwé ọ̀tọ̀, kí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ sì múra láti jẹ́rìí. Bí ẹ ò bá gbọ́ Ìjẹ̀bú dáadáa, ẹ pe ẹni tó gbọ́ ọ. Bó bá fẹ́ jẹ́wọ́, jẹ́ kí lọ́yà rẹ̀ tàbí ẹni tó bá yàn wà níbẹ̀, kí ẹ sì ká a sórí fídíò.

Ẹ̀rí fóònù náà tún wà níbẹ̀: ẹ má tẹ̀ ẹ́ kiri, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ẹrù ẹ̀rí lọ́jọ́ tí ẹ gbà á. Bó bá sì jẹ́ fídíò kámẹ́rà ṣọ́ọ̀bù, ẹ má gbàgbé ìwé ẹ̀rí tí abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 béèrè, ìyẹn ìwé tó ń jẹ́rìí sí bí ẹ̀rọ ṣe gbé e jáde.

Látọjọ́ ọmọ alábàárù yẹn, bí afurasí bá ti pe "gbà" níwájú mi, mo máa ń gbé bíírò sílẹ̀ ni. Gbà kí ni? Lọ́wọ́ ta ni?