Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ọkàn àwọn ará gàá nípa ẹran igbó inú páàkì

Ṣé próòjẹ́ẹ̀tì ilé-ìwé lẹ fẹ́ ṣe ni o, àbí màálù ló ń wọ Old Oyo National Park, igbó ìjọba tí wọ́n ti ń dáàbò bo ẹran igbó, tẹ́ ẹ fẹ́ kí wàhálà rọlẹ̀ ládùúgbò yín, ẹ má gbé bébà dání lọ sí gàá, ibùdó àwọn Fúlàní darandaran, lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹni ìjọba ni wọ́n máa pè yín, wọ́n á kàn ní "àwa ò kí ń pa ẹran kankan", ó tán.

Ọ̀dọ̀ Sẹ̀ríkì, olórí wọn, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà, kí ẹni tí wọ́n mọ̀ mú yín lọ, ìrọ̀lẹ́ ló dáa jù nígbà tí màálù bá ti wọlé. Ẹ bọ́ bàtà kẹ́ ẹ tó tẹ ẹní, tí wọ́n bá gbé wàrà wá ẹ mu ún. Ọ̀pọ̀ wọn ló gbọ́ Yorùbá dáadáa, kódà Ọ̀yọ́ gidi ló wà lẹ́nu àwọn míì.

Ẹ má bi wọ́n pé ṣé wọ́n fẹ́ràn ẹran igbó, ìbéèrè yẹn ò lórí. Ẹ bi wọ́n pé níbo ni màálù ti ń mumi nínú ẹ̀rùn. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà, torí tí koríko ìta bá ti gbẹ, etí odò Ògùn nínú páàkì ṣì máa ń ní nǹkan tútù, wọ́n sì mọ̀ pé òfin ò gbà kí màálù wọbẹ̀. Àwọn àgbà kan lè ní bàbá àwọn ti ń da màálù níbẹ̀ kó tó di national park ní 1991, ẹ má jà wọ́n níyàn, ẹ gbọ́ tán.

Ẹ ní kí wọ́n fi igi apá kan hàn yín. Ewé ẹ̀ ni wọ́n máa ń gé fún màálù nígbà tí koríko ò bá sí, ojú ibi tí wọ́n gé láìpẹ́ á ṣì funfun, èyí tó ti pẹ́ á ti dúdú, ẹ ó rí igi tó jẹ́ pé kùkùté ẹ̀ka nìkan ló kù lórí ẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá kan iná, wọ́n á ní àwọn rénjà, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ páàkì, náà ń sun igbó. Òótọ́ ni o, àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀rùn ni tiwọn kí iná má bàa le lẹ́yìn ọ̀la, ti darandaran torí kí koríko tuntun lè hù ni, so ẹ bi wọ́n pé oṣù wo ni wọ́n sun tiwọn.

Ẹ béèrè ẹni tó ni màálù náà pẹ̀lú. Ó lè jẹ́ Yorùbá kan tó jókòó sílé nígboro. Ẹ tún ya onílé gàá sọ́tọ̀ kúrò lára Bọ̀rọ̀rọ́, Fúlàní tó ń da màálù kiri, tó ń kọjá lọ, wọn ò jọra rárá, onílé ló máa ń jìyà ohun tí àlejò ṣe. Ní ti ẹran pípa, ká má purọ́, àwọn ọdẹ tiwa ló pọ̀ jù nídìí ẹ̀ jàre.

Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ padà lọ kà á fún Sẹ̀ríkì létí kó tó dé ọ́fíìsì páàkì l'Ọ́yọ̀ọ́, kó tún èyí tẹ́ ẹ ṣì gbọ́ ṣe.