Bí A Ṣe Ń Fọwọ́ Hun Ìbọ̀sẹ̀ Kúkúrú: Gìgísẹ̀ Ni Iṣẹ́ Wà

Ìbọ̀sẹ̀ kúkúrú, èyí tí ẹnu rẹ̀ kò kọjá kókósẹ̀, ló yẹ kí ẹni tó ń kọ́ ìhunṣọ kọ́kọ́ hun parí. Òwú tó ń jẹ kò pọ̀, kò ní ọ̀pá gígùn tó máa sú èèyàn, síbẹ̀ gbogbo ọgbọ́n tó wà nínú ìbọ̀sẹ̀ ńlá ló wà nínú rẹ̀. Ooru Ìkòròdú náà ò gba ìbọ̀sẹ̀ gígùn, àfi láàárọ̀ ọyẹ́. Nǹkan méjì ló sábà máa ń bà á jẹ́: kí wọ́n hun ún láì wọn ẹsẹ̀, tàbí kí wọ́n sáré kọjá níbi gìgísẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ òwú. Ohun tí wọ́n ń tà ní wúùlù ní ọjà Sábó, títí kan èyí tí àwọn onídìrí ń rà, akirílíìkì ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Akirílíìkì ń nà, ó sì ń padà, kò wọ́n, àmọ́ kì í fa òógùn mu, ẹsẹ̀ á máa tutù rinrin nínú rẹ̀ tí oòrùn bá mú. Kọ́tìn ń fa òógùn, ara sì ń gbà á, ṣùgbọ́n kò ní ìnà, ẹnu ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ máa ń dẹ̀ lẹ́yìn ìfọ̀ mélòó kan. Fún ojú ọjọ́ tiwa, èyí tí wọ́n pò pọ̀, tí kọ́tìn inú rẹ̀ ju ìdajì lọ, tí ìyókù jẹ́ akirílíìkì tàbí nylon, ló dáa jù. Bí ẹ ò bá rí i nítòsí, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Ìpakodò sọdá sí Èkó, kí ẹ wá a ní ọjà Balógun.

Òwú tí bébà ara rẹ̀ ti já, iná ni ká fi dán an wò. Ẹ gé díẹ̀, ẹ fi ìmú irin mú un, kí ẹ ṣáná sí i lókè abọ́ omi. Kọ́tìn á jó bíi bébà, á sì fi eérú rírọ̀ sílẹ̀. Akirílíìkì á yọ́, á dì, á di kókó dúdú líle. Irun àgùntàn gidi á rùn bí irun orí tó jóná, kì í sì í pẹ́ kú. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan kókó dúdú yẹn títí á fi tutù.

Òwú tó yẹ iṣẹ́ yìí ni èyí tí 100 g rẹ̀ gùn tó nǹkan bí mítà 300. Ìbọ̀sẹ̀ méjì fún ẹsẹ̀ àgbà obìnrin kì í sábà ju 70 g lọ. Ẹ ra 100 g síbẹ̀, kí ìyókù lè wà fún àtúnṣe, torí àwọ̀ òwú tí a bá padà lọ rà lóṣù tó ń bọ̀ lè má bá ti tẹ́lẹ̀ mu.

Abẹ́rẹ́ márùn-ún ẹlẹ́nu méjì la nílò, èyí tó ṣe ṣóńṣó lórí lọ́tùn-ún lósì, 2.5 mm ní sísanra, 18 sí 20 cm ní gígùn. Mẹ́rin á gbé ojú dúró, ìyẹn àwọn òrùka òwú tó wà lórí abẹ́rẹ́, a ó fi ìkarùn-ún hun. Ẹni tí kò rí rà lè lọ bá àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe fún sípóòkù: ti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 2 mm, ó dáa fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń dẹ̀ tàbí tí òwú rẹ̀ tín-ín-rín ju èyí lọ, ti ọ̀kadà nípọn jù. Ẹ gé orí rẹ̀ àti ẹnu tó ní ìdè kúrò, ẹ fi fáìlì pọ́n ọn ṣóńṣó, kí ẹ wá fi sáńpépà dán an títí tí kò fi ní fa ìbọ̀sẹ̀ ọ̀rá ya tí ẹ bá fà á kọjá lórí rẹ̀. Irin ń yọ̀ o. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ á gbádùn ọparun jù, torí ojú kì í tètè bọ́ lórí rẹ̀.

Ọ̀nà ìhun méjì la ó lò, pílénì àti pọ́ọ̀lù. Pílénì ni kí òwú wà lẹ́yìn, kí abẹ́rẹ́ gba iwájú wọnú ojú. Pọ́ọ̀lù ni kí òwú wà níwájú, kí abẹ́rẹ́ gba apá ọ̀tún wọlé. Ìdínkù ni sísọ ojú méjì di ọ̀kan, ó sì jẹ́ oríṣi méjì. Ìdínkù ọ̀tún: ẹ ki abẹ́rẹ́ bọ ojú méjì lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ hun wọ́n ní pílénì bí ẹyọ kan. Ìdínkù òsì: ẹ gbé ojú méjì lọ́kọ̀ọ̀kan sórí abẹ́rẹ́ ọ̀tún bí ẹni fẹ́ hun pílénì, láì hun wọ́n, ẹ ki abẹ́rẹ́ òsì bọ iwájú àwọn méjèèjì, kí ẹ wá hun wọ́n pọ̀. Ẹ má ṣe pààrọ̀ ọ̀kan fún èkejì, nítorí òun ló ń jẹ́ kí ìlà ìdínkù dọ́gba lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì.

Wíwọn ẹsẹ̀ ló kàn. Ẹ fi téèpù yí ẹsẹ̀ ká níbi tó fẹ̀ jù, lẹ́yìn ọmọ ìka. Ìbọ̀sẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré sí ẹsẹ̀ ní nǹkan bí ìdá mẹ́wàá, kó lè na mọ́ ọn lára. Èyí tó bá dọ́gba pẹ̀lú ẹsẹ̀ á máa ká jọ nínú bàtà. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kó ojú 40 sórí abẹ́rẹ́, ẹ hun ún yípo ní pílénì tó 8 cm, kí ẹ ka ojú tó wà nínú 5 cm. A fẹ́ 14. Bó bá jẹ́ 12, abẹ́rẹ́ yín ti tóbi jù. Bó bá jẹ́ 16, ó ti kéré jù. Yíyípo ni kí ìdánwò náà jẹ́, torí ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dẹ̀ sí i tí wọ́n bá ń hun pọ́ọ̀lù, ìdánwò tí a hun ní pẹrẹsẹ á wá purọ́ fún yín.

Ìyípo ẹsẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 0.9, kí ẹ tún sọ ọ́ di ìlọ́po 2.8. Ẹsẹ̀ 22 cm á fún yín ní 55.4, ẹ mú 56. Ọmọ ilé ìwé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 19 cm, ojú 48. Ọkùnrin 25 cm, ojú 64. Kí iye náà máa jẹ́ èyí tí 8 lè pín, gìgísẹ̀ á yí láìsí àṣẹ́kù. Ojú 56 la ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹ fi òwú tó 90 cm sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, kí ẹ kó ojú 56 sórí abẹ́rẹ́ méjì tí ẹ dì pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ọ̀kan yọ. Ẹnu tó le ni àrùn àkọ́kọ́ ìbọ̀sẹ̀: á kọ̀ láti kọjá gìgísẹ̀, kò sì sí àtúnṣe fún un ju kí a tú u lọ. Ẹ pín in sórí abẹ́rẹ́ mẹ́rin, 14 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ rí i pé ìdí gbogbo ojú kọ sínú kí ẹ tó so ó pọ̀. Bó bá lọ́ lẹ́ẹ̀kan, á lọ́ títí dé ìparí. Ẹ wá hun pílénì méjì, pọ́ọ̀lù méjì, fún ìyípo 12, èyí tó jẹ́ 3 cm, kí ẹ fi ìyípo mẹ́rin pílénì lásán tẹ̀ lé e. Fún kọ́tìn lásán, ẹ fi abẹ́rẹ́ tó kéré sí i hun ẹnu yìí, kí ẹ sì fi òwú rọ́bà tí àwọn aránṣọ ń lò gba inú rẹ̀ kọjá níkẹyìn.

Gìgísẹ̀ wá dé. Ojú 28 lórí abẹ́rẹ́ méjì nìkan ni a ó máa hun báyìí, ní lílọ àti bíbọ̀. 28 yòókù á sinmi. Ẹ mú òwú ìránṣọ tó le, àwọ̀ kan náà, kí ẹ máa hun ún pọ̀ mọ́ òwú yín níbí nìkan, torí ibí ni bàtà ń jẹ jù. Ìlà iwájú: ẹ gbé ojú kan kọjá láì hun ún, ẹ hun èkejì ní pílénì, bẹ́ẹ̀ títí dé òpin. Ìlà ẹ̀yìn: ẹ gbé ojú àkọ́kọ́ nìkan kọjá, kí ẹ hun ìyókù ní pọ́ọ̀lù. Ìlà 28 ni gbogbo rẹ̀. Ojú tí a ń gbé kọjá ló ń jẹ́ kí aṣọ ibẹ̀ nípọn, òun náà ló ń ṣe ẹ̀wọ̀n ojú 14 tí ẹ máa rí létí lọ́tùn-ún lósì.

Yíyí gìgísẹ̀ ló kàn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń sá nìyí, bẹ́ẹ̀ ìṣirò lásán ni. Ẹ hun pílénì 15, ìdínkù òsì kan, pílénì kan, ẹ yí iṣẹ́ padà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú 10 ṣì wà níwájú yín. Ẹ gbé ojú kan kọjá, pọ́ọ̀lù mẹ́ta, ẹ hun méjì pọ̀ ní pọ́ọ̀lù, pọ́ọ̀lù kan, ẹ yí i. Láti ìhín lọ, ẹ ó máa rí àlàfo kékeré níbi tí ẹ ti yí padà. Ẹ gbé ojú kan kọjá, ẹ hun títí ku ojú kan kẹ́ ẹ dé àlàfo, ẹ so ojú tó wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àlàfo pọ̀, ẹ hun kan sí i, ẹ yí i. Bí ẹ bá ṣe ìlà 12 lápapọ̀, ojú 16 ló gbọ́dọ̀ kù. Bí kì í bá ṣe 16, ẹ tú u dé orí àlàfo tí ẹ fò. Ẹ má ṣe tẹ̀ síwájú.

Ẹ hun 16 náà ní pílénì. Ẹ fi abẹ́rẹ́ kan náà fa ojú 14 jáde lára ẹ̀wọ̀n etí, àti ọ̀kan sí i ní igun tó kan òkè ẹsẹ̀. Ihò á wà ní igun yẹn bí ẹ ò bá mú ojú kan yìí. Ẹ hun 28 tó ti ń sinmi, ẹ tún fa 15 jáde ní ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ẹ fi 8 lára gìgísẹ̀ mọ́ ọn. Àárín gìgísẹ̀ ni ìyípo ti ń bẹ̀rẹ̀ báyìí, ojú 74 ló wà lọ́wọ́ yín: 23, 14, 14, 23. Nínú ìyípo àkọ́kọ́, ẹ gba ẹ̀yìn hun àwọn ojú tí ẹ fà jáde, wọ́n á lọ́, wọ́n á sì dí. Ìyípo kejì: lórí abẹ́rẹ́ kìn-ín-ní, ẹ hun títí ku mẹ́ta, ìdínkù ọ̀tún, pílénì kan, lórí ìkẹrin, pílénì kan, ìdínkù òsì, ẹ hun ìyókù. Ẹ fi ìyípo lásán kan sáàárín ìdínkù kan àti èkejì. Ìyípo ìdínkù mẹ́sàn-án á dá yín padà sí 56.

Bí ẹ bá ń rí àkàbà tóóró tí ojú rẹ̀ dẹ̀ níbi tí abẹ́rẹ́ ti pàdé, ẹ fa òwú le ní ojú kejì abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan. Fífa ti àkọ́kọ́ nìkan kì í tó.

Ẹ hun àtẹ́lẹsẹ̀ lọ láìsí ìdínkù. Gígùn ìbọ̀sẹ̀ gbọ́dọ̀ fi 1 cm dín sí ti ẹsẹ̀, orí rẹ̀, ìyẹn ibi ọmọ ìka, á sì jẹ nǹkan bí 4.5 cm. Fún ẹsẹ̀ 24 cm, ẹ dúró tó bá pé 18.5 cm láti ẹ̀yìn gìgísẹ̀. Fún orí, ẹ ṣe lórí abẹ́rẹ́ kìn-ín-ní àti ìkẹta bí ẹ ti ṣe lórí kìn-ín-ní tẹ́lẹ̀, kí ẹ ṣe lórí ìkejì àti ìkẹrin bí ti ìkẹrin. Ìyípo kan ìdínkù, ìkejì lásán, títí tó fi ku 28. Lẹ́yìn náà ìdínkù ní gbogbo ìyípo, ẹ̀ẹ̀mẹta, tó fi ku 16.

Ẹ kó o sórí abẹ́rẹ́ méjì, 8 sí 8, ti òkè ẹsẹ̀ kọjú sí ti àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ gé òwú ní 30 cm, ẹ fi í sínú abẹ́rẹ́ ìránṣọ tí ẹnu rẹ̀ kú. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ gba ojú iwájú bíi pọ́ọ̀lù, ti ẹ̀yìn bíi pílénì, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ lórí abẹ́rẹ́. Ẹ wá máa ṣe é báyìí: níwájú, bíi pílénì, ẹ bọ́ ọ, èyí tó tẹ̀ lé e bíi pọ́ọ̀lù, ẹ fi í sílẹ̀, lẹ́yìn, bíi pọ́ọ̀lù, ẹ bọ́ ọ, èyí tó tẹ̀ lé e bíi pílénì, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ máa fà á díẹ̀díẹ̀ kó lè dọ́gba pẹ̀lú ojú yòókù. Ìránpọ̀ yìí kì í ní kókó, kì í sì í ha ọmọ ìka.

Kí ẹ tó fi í pamọ́, ẹ kọ iye ìyípo àtẹ́lẹsẹ̀ sílẹ̀, torí òun lẹ máa tẹ̀ lé fún èkejì. Téèpù nìkan lè fi ìlà méjì ṣì yín lọ́nà. Omi tútù ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ má ṣe lọ́ ọ, ẹ fi aṣọ ìnura wé e kí ẹ tẹ omi jáde. Ẹ má gbé áyọ́ọ̀nù lé akirílíìkì, á tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sì ní nà mọ́. Lásìkò òjò, kọ́tìn lè wà lórí okùn fún ọjọ́ méjì kó tó gbẹ, ẹ sá a síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gba inú rẹ̀ kọjá, kí ẹnu rẹ̀ kọ sísàlẹ̀.