Àdìrẹ ẹlẹ́kọ: láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ aládìrẹ dé ìdí ìkòkò aláró

Èyí tó pọ̀ jù nínú àdìrẹ tó wà lọ́jà báyìí, kámpálà ni. Àbẹ́là yíyọ́ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, aró inú agolo ni wọ́n fi rẹ ẹ́, kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti gbẹ. Èmi náà ń wọ̀ ọ́, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n Ìbàdàndùn gan-an ni mo ń wá, àwòrán àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan, èyí tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ yà lọ́wọ́, tí wọ́n sì pa láró èlú, aró tí wọ́n fi ewé ṣe. Mo sì fẹ́ jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n kan níbi iṣẹ́ mi ló bá mi wá ẹni tó ṣì ń ṣe é. Ó ní òun ò ní júwe ọ̀nà fún mi, òun á mú mi lọ ni. Ó mọ ohun tó ń sọ. Kò sí bọ́ọ̀dù kankan lẹ́nu ọ̀nà àwọn agboolé tó so mọ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Màpó, ibi iṣẹ́ àti ibi ìdáná sì jọ wà pa pọ̀ ni. Àlejò tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, wọ́n á kí i dáadáa, wọ́n á sì sọ fún un pé wọn ò ṣe é mọ́.

Mo ra tẹ́rù, aṣọ òwú funfun, yáàdì márùn-ún ní ọjà Gbági. A wọ Micra láti Mọ́kọ́lá dé Bẹẹrẹ, a sì fẹsẹ̀ gun ìyókù. Ẹsẹ̀ ló ń jẹ́ kí èèyàn mọ̀ pé orí òkè ni wọ́n tẹ Ìbàdàn dó sí. Páànù tó ti dípẹtà tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀, Láyípo, ilé gogoro tí wọ́n kọ́ ní 1936, yọrí lókè Àrẹ̀mọ lọ́hùn-ún. Òkè Ìbàdàn ló gba àwọn baba wa pa mọ́ nígbà ogun, tí wọ́n fi ń kì wá ní ọmọ ajòro sùn, ọmọ ajẹ̀gbín yó, ọmọ afìkarahun fọ́rí mu.

Màmá aládìrẹ wà lórí àpótí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Ó fọwọ́ pa tẹ́rù mi, ó ní ó dáa, kò nípọn jù. Ó gé e sí méjì ọgbọọgba, yáàdì méjì ààbọ̀ ní apá kan. Bí wọ́n bá parí, wọ́n á rán méjèèjì pọ̀ di ìró.

Ẹ̀kọ ti wà lórí iná. Láfún ni wọ́n fi ń sè é, òun ni wọ́n fi ń yàwòrán kí aró má baà wọ ibẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń rò ó kí ó má baà ṣù, ó da álọ́ọ̀mù àti copper sulphate díẹ̀ sí i, ó sì fi aṣọ sẹ́ ẹ. Wọ́n ní bí ẹ̀kọ bá ki jù, yóò sán lára aṣọ, aró á sì gba ibẹ̀ wọlé. Bó bá ṣàn jù, àwòrán á tàn kálẹ̀.

Màmá kò lo rúlà. Ó ká aṣọ, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ojú ibi tó ká yẹn ló di ìlà tó pín aṣọ sí ilé-ilé. Ìyẹ́ tó fi ń yàwòrán, ó ti tu irun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dànù, ó ku ṣóńṣó orí. Mo tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìyẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má kan aṣọ rárá: ẹ̀kọ ló ń fà láti ẹnu ìyẹ́ bọ́ sílẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń sáré tẹ̀ lé e. Ọwọ́ ìgbálẹ̀ ló fi ń to àmì kéékèèké. Pẹ́pẹ́yẹ jáde, àkekèé jáde, ó wá kan ọ̀pó Màpó.

Láti ibi tí a jókòó sí, bí èèyàn bá yíjú, ó ń rí Gbọ̀ngàn Màpó fúnra rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1929. Màmá kò yíjú. Ó fa ìlà méjì, ó kun àárín, ọ̀pó kan dúró. Ó fi ṣíbí sí àárín ọ̀pó sí ọ̀pó. Mo bi í pé kí ni ṣíbí ń wá nínú gbọ̀ngàn ìlú.

“Bí ìyá mi ṣe ń yà á nìyẹn. Àbí kí n yọ ṣíbí ni?”

Mo ní kí wọ́n má yọ ọ́ o.

Ẹ̀gbọ́n mi dárúkọ ti Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń gé páànù, tí wọ́n á tẹ́ páànù náà lé aṣọ, tí wọ́n á sì fi ẹ̀kọ ra á. Ó yá ju ti ọwọ́ lọ fíìfíì. Màmá ní kò burú, ṣùgbọ́n pẹ́pẹ́yẹ ibẹ̀ kì í bí ọmọ. Ó ya pẹ́pẹ́yẹ mìíràn, ó fi èyí tó kéré tẹ̀ lé e, ó wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín.

Bí aṣọ ṣe gbẹ lóòrùn ni iṣẹ́ Màmá parí. Aládìrẹ lọ̀tọ̀, aláró lọ̀tọ̀. Owó wọn náà lọ́tọ̀. Ilé Alhaja aláró wà nísàlẹ̀, òórùn ìkòkò aró ló sì kọ́kọ́ pàdé wa, ó le. “Àrẹ̀dú o!” ni ẹ̀gbọ́n mi fi kí wọn láti ẹnu ọ̀nà, ojú gbogbo wọn sì yọ̀ sí wa. Nígbà ayé ìyá àgbà Alhaja, òrìṣà Ìyá Màpó ni wọ́n ń ké pè kí wọ́n tó ṣí ìkòkò. Ti Alhaja, Bísímílà ni.

Ìkòkò jókòó lórí ìkòkò. Wọ́n lu ìdí ti òkè, eérú ló kún inú rẹ̀. Omi tí wọ́n bá dà sí i yóò máa kán tó-tó-tó sínú ti ìsàlẹ̀. Omi eérú yẹn ni wọ́n fi ń rẹ èlú tí wọ́n ti gún, tí wọ́n ṣù, tí wọ́n sá gbẹ. Yóò wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan. Alhaja ti ìka bọ̀ ọ́, ó fi pa àtàǹpàkò, ó ní ó ti ń yọ̀, ó ti tó.

Ó rọra tẹ́ aṣọ wọ inú aró. Wọn kì í fún ẹlẹ́kọ, wọn kì í bó o, nítorí ẹ̀kọ á ṣí. Nígbà tó yọ ọ́, àwọ̀ ewéko ló ní. Kí n tó rí fóònù mú jáde, ó ti ń di búlúù láti etí aṣọ wọ àárín. Atẹ́gùn ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Wọ́n sá a, wọ́n tún rì í, wọ́n tún sá a, títí ó fi dúdú tó bí Alhaja ṣe fẹ́. Bí mo ṣe fẹ́ kọ́ ló ń wò o.

Ọjọ́ tí mo padà lọ gbà á, ọmọ kékeré méjì ló ń họ ẹ̀kọ gbígbẹ kúrò lára rẹ̀. Ojú àwòrán kò funfun, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ni, torí aró máa ń jò gba inú ẹ̀kọ díẹ̀. Èyí ni mo fi ń dá ojúlówó mọ̀ báyìí, pẹ̀lú ẹ̀yìn aṣọ: ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ń ya ẹ̀kọ sí, nítorí náà ẹ̀yìn á dúdú lásán. Bí ẹ bá rí “ẹlẹ́kọ” tí àwòrán rẹ̀ funfun báláú, tó sì hàn dọ́gbadọ́gba lójú àti lẹ́yìn, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́.

N kò ná iye tí wọ́n pè. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń sẹ́ omi eérú nìkan, ẹnu rẹ̀ kò ní gbà á. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín, ẹ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, Alhaja ò ní gba ẹlẹ́kọ lọ́wọ́ yín, ìbáà jẹ́ ìyàwó gómìnà ló rán yín.