Bí mo ṣe rí onídùúró fún ìwé ẹ̀rí CISSP mi

Lọ́jọ́ tí mo yege ìdánwò CISSP, ìyẹn ìdánwò àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, mo se ìrẹsì, mo pa adìyẹ. Àṣé mo ti sáré jẹ ẹran iléyá kó tó di iléyá ni. Àjọ ISC2 tó ni ìdánwò náà kì í torí pé èèyàn yege nìkan fún un níwèé ẹ̀rí. Oṣù 9 ni wọ́n fún mi láti fi hàn pé mo ti ṣiṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà fún ọdún 5, nínú ẹ̀ka 2 ó kéré tán lára 8 tí ìdánwò náà dá lé. Ẹni tó ti ní ìwé ẹ̀rí wọn tẹ́lẹ̀ yóò wá ṣe onídùúró mi.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ há sí. Èèyàn 7 ni wá ní ẹ̀ka wa, èmi nìkan lobìnrin. Ọ̀gá wa nìkan ló ní CISSP. Mo bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. "Kò sí wàhálà, máa rán mi létí." Oṣù 4 kọjá lórí ìyẹn. Àwọn ọkùnrin ẹ̀ka wa máa ń bá a wo bọ́ọ̀lù ní Sátidé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń parí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Mo mọ̀ pé ISC2 fúnra rẹ̀ lè dúró fún ẹni tí kò bá rí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó dùn mí pé lẹ́yìn ọdún 6 lẹ́nu iṣẹ́, kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun mọ̀ mí.

Ni mo bá kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ àwa obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ààbò. Kí n tó se ẹ̀bà tán, ẹ̀gbọ́n kan ti pè mí. Òun ni ọ̀gá ààbò kọ̀ǹpútà ní báǹkì kan, irú ipò tí CBN pàṣẹ lọ́dún 2018 pé kí gbogbo báǹkì yan èèyàn sí. Ó ní kí n fi fọ́ọ̀mù tí mo to àwọn iṣẹ́ tí mo ti ṣe sí ránṣẹ́.

"Àbúrò, ẹ̀ẹ̀mélòó lo kọ 'mo ran wọ́n lọ́wọ́' síbí?"

Mo kà á. Mẹ́fà.

Ó mú àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ímeèlì ẹ̀tàn tó ya wọ ọ́fíìsì wa lóru ọjọ́ kan. Ta ló kọ́kọ́ rí i? Èmi ni, ma. Ta ló yọ kọ̀ǹpútà yẹn kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì? Èmi ni. Ta ló kọ ìròyìn tí wọ́n gbé fún àwọn aláṣẹ? Èmi náà ni.

"Ta wá lo ràn lọ́wọ́?"

Ẹ̀rín pa mí, omi sì lé ròrò sí mi lójú.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe obìnrin tó kàn ń pàtẹ́wọ́ fúnni o. Mo ti kọ ọ́ pé mo ṣiṣẹ́ lórí ààbò sọ́fítíwíà. Ó bi mí ní ìbéèrè méjì, ó rí i pé ìpàdé lásán ni mo jókòó sí, ó ní kí n pa á rẹ́. Ó gba lẹ́tà ibi iṣẹ́ mi, ó sì pe ọ̀gá mi àtijọ́. "Orúkọ mi ni mo fẹ́ fi dúró," bó ṣe wí nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló tó fọwọ́ sí i.

Ìwé ẹ̀rí dé. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, ó fi orúkọ mi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń wá ọ̀gá ààbò. Ní ìrọ̀lẹ́ Sunday kan, àwọn mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ ṣe bí ìgbìmọ̀ aláṣẹ lórí fídíò kí n lè fi múra ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà sílẹ̀. Gbogbo ohun tí mo bá ti là kalẹ̀, ọ̀kan nínú wọn á ní, "Èló ló máa ná wa? Èló la máa pàdánù tá ò bá ṣe é?" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sú mi. Lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò gan-an, ìbéèrè kejì nìyẹn.

Àwọn náà ló sọ iye tí irú ipò bẹ́ẹ̀ ń gbà lóṣù fún mi. Iye tí mo ti fẹ́ dá tẹ́lẹ̀, ojú ń tì mí láti kọ ọ́ síbí.