Bí mo ṣe tọ́jú ojú eyín tó gbọyún lẹ́yìn tí wọ́n yọ ọ́

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń ṣọ́ fún ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́: ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú ihò eyín. Òun ló bo egungun ibẹ̀. Tó bá ṣí kúrò, afẹ́fẹ́ àti oúnjẹ á máa kan egungun, ìrora á sì gba inú etí lọ. Eyín tó ti gbọyún kí wọ́n tó yọ ọ́ ni èyí tètè máa ń ṣẹlẹ̀ sí.

Mo deyín mọ́ òwú tí wọ́n fi dí i fún ìṣẹ́jú 45, mi ò sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń yọ òwú wò ní gbogbo ìgbà ló ń fa ẹ̀jẹ̀ tó fẹ́ dì kúrò. Itọ́ tó pọ́n díẹ̀ títí di ọjọ́ kejì kò léwu. Bó bá tún ń ṣàn, ẹ deyín mọ́ òwú tuntun, tàbí àpò tíì tí ẹ rẹ sínú omi tútù, fún ìṣẹ́jú 30. Bí kò bá dá, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà.

Fún wákàtí 24, mi ò ṣan ẹnu, mi ò tutọ́; ṣe ni mo ń gbé itọ́ mì. Píọ̀ wọ́tà ló ń tan ọ̀pọ̀ wa jẹ: a ó feyín já igun rẹ̀, a ó máa fà á mu. Fífà yẹn gan-an ló ń fa ẹ̀jẹ̀ yọ. Sísọ́ọ̀sì ni mo fi gé e, mo dà á sínú ife. Bákan náà ni sìgá.

Ti àlùwàlá ńkọ́? Nínú mazhab (ìlànà òfin ẹ̀sìn) Málíkì tí à ń tọ̀ ní Ìlọrin, súnnà ni ṣíṣan ẹnu, kì í ṣe ọ̀ranyàn, mo sì fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Mo jókòó kírun, torí bí orí bá kanlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á rọ́ wá sójú ọgbẹ́. Lóru, ìrọ̀rí méjì ni mo gbórí lé.

Kí agbára abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi pa ìrora tó tán lẹ́nu ni mo ti lo parasitámọ́ọ̀ 500 mg méjì, lẹ́yìn náà ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà. Kò gbọdọ̀ ju ẹyọ mẹ́jọ lọ lóòjọ́. Ẹ má lo aspirin, ó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Amoxicillin àti metronidazole, oògùn apakòkòrò tí dókítà kọ, mo lò wọ́n tán pátápátá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ti yá lọ́jọ́ kẹta. Ẹni tó ń lo metronidazole kò gbọdọ̀ fẹnu kan ọtí.

Píọ̀ wọ́tà tó ti dì, tí mo fi táwẹ̀ẹ̀lì wé, ni mo fi lé ẹ̀rẹ̀kẹ́: ìṣẹ́jú 15, kí n sinmi 15, lọ́jọ́ kìíní nìkan. Wíwú ṣì máa ń pọ̀ sí i títí di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín.

Ògì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, fúrà, wàrà tí wọn ò dín, mọ́ínmọ́ín tí kò láta: ìwọ̀nyí ni mo jẹ. Mo sá fún gààrí, torí hóró rẹ̀ ń kó sínú ihò, àti ẹ̀pà àti gúgúrú.

Lẹ́yìn wákàtí 24, mo fi ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀ sínú ife omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ kan, mo ń ṣan ẹnu lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan àti kí n tó sùn. Ẹ má gbọ̀n ọ́n lẹ́nu: ẹ kàn gbé orí sọ́tùn-ún sósì, kí ẹ jẹ́ kó dà jáde fúnra rẹ̀. Mo fi orín pákò sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ọjọ́ kẹta ni ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe. Nǹkan funfun á bo ihò náà; ẹran tuntun ni, kì í ṣe ọyún, ẹ má ha á. Àmọ́ bí ìrora bá ń le sí i dípò kó rọ̀, tí ẹnu ń rùn, tí ihò sì ṣófo débi pé egungun hàn, ẹ̀jẹ̀ ti ṣí kúrò nìyẹn. Parasitámọ́ọ̀ kò lè yanjú rẹ̀. Dókítà eyín ló máa fọ̀ ọ́, tí á sì fi oògùn dí i. Ẹ má ki kánún, tábà tàbí ògógóró bọ̀ ọ́, wọ́n á jó ẹran tó ń hù.

Bí ibà bá dé, tí wíwú ń sọ̀ kalẹ̀ sọ́rùn, tí gbígbé nǹkan mì tàbí mímí ń nira, ẹ má dúró di ọ̀la: ẹ lọ sí UITH (ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin) ní Òkè-Ọ̀sẹ̀, tàbí ilé ìwòsàn ńlá tó bá sún mọ́ yín, lóru ọjọ́ náà.

Ọjọ́ kẹwàá ni mo tó fi apá ibẹ̀ jẹ iṣu.