Sílípáàsì tó bọ́ lẹ́sẹ̀: àṣìṣe tí a máa ń ṣe tí ẹ̀yìn bá ń dùn wá

Bàbá kan ní àdúgbò wa ní Kàbà ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé lálẹ́ ọjọ́ kan. Sílípáàsì ẹsẹ̀ òsì wọn bọ́ lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò mọ̀. Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó, ọmọ wọn ló mú un wá: "Bàbá, bàtà yín rèé níta." Wọ́n ń wo ẹsẹ̀ ọ̀hún bí ẹni ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ilé ti gbà pé wọ́n tẹ nǹkan ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi wá ẹni tó gbé e sílẹ̀ fún wọn. Kò sẹ́ni tó rántí pé láti ìgbà tí wọ́n ti kọ ebè iṣu ni ẹ̀yìn ti ń dùn wọ́n, àti pé ìrora náà ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni.

Lílọ tó lọ yẹn gan-an ló yẹ kó já wọn láyà. Iṣan tó ti inú ọ̀pá ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ ló ń gbé ìrora wá sí ọpọlọ. Bí nǹkan bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́, ó lè má rí ìrora gbé mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ní lè gbé ẹsẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn tó dákẹ́ tí ẹsẹ̀ sì ń kú tipiri kò tíì sàn.

Èsì tó wà nílẹ̀ fún "ẹ̀yìn ń dùn mí" lọ́dọ̀ wa ni "jẹ̀dí-jẹ̀dí ni, jáwọ́ nínú ṣúgà." Wọn á ki àgbo bọ ìkòkò. Ṣùgbọ́n bí ìrora bá gba ìdí kọjá sí itan, tó kọjá orúnkún, tó ń ta bí iná títí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ṣúgà kọ́ ló fà á. Láàárín eegun ẹ̀yìn kan sí èkejì, ohun kan wà níbẹ̀ tó rọ̀ bíi tìmùtìmù. Bí ó bá yọ jáde, ó lè lọ fún iṣan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. N kò fẹ́ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni o. Ta ni kì í di ìbàdí mú lẹ́yìn tó bá lo ọkọ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́? Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀yìn dídùn máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ènìyàn bá ń rìn díẹ̀díẹ̀. Fífi ọ̀sẹ̀ kan gbáko sùn sórí ẹní ló ń dá kún un.

Kí ọmọdé máa gun ẹ̀yìn ẹni ńkọ́? Èmi náà ti ṣe é. Mo dojú bolẹ̀ lórí ẹní, mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi máa tẹ̀ mí lọ tẹ̀ mí bọ̀, ó sì dùn mọ́ mi gan-an. N kò ṣe é mọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ pé ikọ́ ife lè wọ eegun ẹ̀yìn, kó máa jẹ ẹ́ láìjẹ́ pé ènìyàn wúkọ́ rárá. Irú eegun bẹ́ẹ̀ lè rún mọ́ ọmọ lẹ́sẹ̀. Àmì rẹ̀ ni kí ara máa gbóná nírọ̀lẹ́, kí òógùn máa bò ènìyàn lóru, kó máa rù, kí ìrora má sinmi bí ó tilẹ̀ dùbúlẹ̀, tàbí kí iké kékeré kan máa yọ láàárín ẹ̀yìn. Ọ̀fẹ́ ni oògùn ikọ́ ife nílé ìwòsàn ìjọba. Ó kàn máa ń pẹ́ ni, torí ti eegun sábà máa ń ju oṣù mẹ́fà ti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Oògùn tí wọ́n ń dì pọ̀ sínú ọ̀rá ní kẹ́míìsì, tí ènìyàn á lò tí oúnjẹ á máa wù ú, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á sì kún, ẹ bèèrè ohun tó wà níbẹ̀. Òmíràn nínú wọn, bí ó bá pẹ́ lára, ń sọ eegun di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Èyí tí ìtìjú kì í jẹ́ ká sọ ni ti ìtọ̀. Bí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò bọ̀, tàbí tó ń dà láìmọ̀, bí ìgbẹ́ bá ń jáde fúnra rẹ̀, bí ojú abẹ́ àti ibi tí a fi ń jókòó bá kú, tàbí bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá rọ, ẹ má dúró de ọjọ́ ọjà. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ sí ọsibítù, ìbáà jẹ́ ní òru. Ẹni tó wà ní Yàgbà lè lọ sí ọsibítù ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀. Ẹni tó sún mọ́ Lọ́kọ́ja ní ọsibítù ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀. Bàbá tí mo ń sọ yẹn dé ọsibítù lẹ́yìn tí ìtọ̀ ti ń dà lára wọn fún ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n ń fi ọ̀pá rìn báyìí. Àwọn àgbà ọkùnrin sì máa ń sọ pé ọjọ́ orí ló fà á. Ẹ̀yìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dun bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún, tí ìtọ̀ rẹ̀ náà sì yí padà, ó yẹ kí dókítà wò ó bóyá jẹjẹrẹ prostate, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, ti gòkè sí eegun.

Àṣìṣe kan tún wà tó máa ń bí mi nínú. Ènìyàn já bọ́ láti orí ọ̀pẹ tàbí ọ̀kadà gbé e ṣubú, wọn á gbé e dìde, wọn á fi há àárín ẹni méjì lórí ọ̀kadà mìíràn, orí rẹ̀ á máa mì lọ́tùn-ún lósì. Eegun ẹ̀yìn tó kàn sán tẹ́lẹ̀ lè gé okùn iṣan tó gba inú rẹ̀ kọjá báyẹn. Ẹ wá pákó tàbí ilẹ̀kùn, kí ẹnì kan di orí mú gbọnyin, kí ẹ sì yí gbogbo ara pọ̀ lẹ́ẹ̀kan bí ẹni yí ìtì igi.

Fọ́tò X-ray kì í fi iṣan hàn, nítorí náà "wọn ò rí nǹkan kan" kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Tí ẹ bá jókòó níwájú dókítà, ẹ má fi "ẹ̀yìn ń dùn mí" bẹ̀rẹ̀. Ohun tí gbogbo ẹni tó wà lórí bẹ́ńṣì níta wá sọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ àti ti ìtọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ.